Kádàrá Kò Pa Gbèsè Rẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Ìwé Àṣẹ Ìwakọ̀

Kútúbà Jímọ̀ láti ẹnu Igbákejì Ìmáàmù

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ẹ̀mí, tí Ó sì ṣe é ní ohun ọ̀wọ̀. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń sá di Í kúrò níbi aburú tí ọwọ́ ara wa bá ṣe. Mo jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, mo sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi níyànjú ṣáájú kí n tó gba yín níyànjú, pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Láàrin oṣù méjì sí àsìkò yìí, òbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá bá mi pé kí n ṣàdúà sí ọkọ̀ tí wọ́n rà fún ọmọ wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì. Mo ṣàdúà fún wọn, mo sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi mí léèrè ohun tí òfin Ọlọ́hun àti òfin ìlú sọ bí ọmọ náà bá fi ọkọ̀ yẹn pa ènìyàn. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi mí. Ìdí ni pé ìgbà kan wà tí ó yẹ kí n dáhùn rẹ̀, tí mo sì dáhùn rẹ̀ lódì.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ọmọkùnrin kan wà nínú ìjọ tí mo wà nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó gba láísẹ́ǹsì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ó ń sá eré àsápajúdé láàrin ìgboro, ó fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ ní kọ́nà tí kò ti lè rí iwájú, ó sì kọlu ọmọbìnrin kan tí ó ń ti ibi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ bọ̀ wá sílé. Wọn kò tíì gbé ọmọbìnrin náà dé ilé ìwòsàn tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Opó ni ìyá rẹ̀, èlùbọ́ ni ó ń tà, kò sì ní ọmọ mìíràn.

Àwọn ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin náà. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ wá bá mi nílé lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà tí ó ju mí lọ. Ó ní, "Ààfáà, ẹ gbà mí. Ọmọ yìí ṣì kéré. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá fi lè dé kọ́ọ̀tù, ayé rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ bá mi bẹ ìyá yẹn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àmúwá Ọlọ́hun ni."

Mo lọ. Àwa mẹ́rin ni a lọ. A mú owó dání nínú àpòòwé, a sì mú ìwé kan dání tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, pé ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹjọ́ mọ́. Ó ku kí ó tẹ ìka rẹ̀ sí i. Mo jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí ó wà nínú yàrá obìnrin náà, mo sì wàásù kádàrá fún un. Mo ka àwọn ẹsẹ̀ tí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ikú, pé kì í yá, kì í sì í pẹ́, bí àkókò rẹ̀ bá ti tó. Òdodo ni gbogbo ohun tí mo kà. Obìnrin náà gbọ́ mi títí, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ààfáà, mo gbà pé Ọlọ́hun ló kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé Ọlọ́hun náà ló kọ ọ́ pé kí ẹni tó pa ọmọ mi má lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbí?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó tẹ ìka sí ìwé náà nítorí pé ààfáà ni ó bẹ̀ ẹ́. Ẹjọ́ náà sì kú síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ó ti yẹ kí n gbé e yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Bí ikú ọmọbìnrin yẹn bá ti wà nínú wàláà Ọlọ́hun kí wọ́n tó bí ẹni tí ó wa ọkọ̀, kí ni òfin tún ń bá awakọ̀ wí? Ẹ̀bi wo ni ó kù fún un?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á mọ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó rí kádàrá kí ó tó ṣẹlẹ̀. Àṣẹ tí Ọlọ́hun pa fún wa ni a rí, òun náà ni a óò sì bi wá léèrè. Nígbà tí Ùmárù ọmọ Khattāb, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó sì gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó pinnu láti padà. Abū Ubaydah bi í pé ṣé ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Ùmárù dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá láti inú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó fi àfonífojì kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tutù, tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ: èyí tí darandaran bá yàn láti da ẹran sí nínú méjèèjì, kádàrá Ọlọ́hun ni. Èyí fi hàn wá pé ẹni tí ó dín eré kù ní kọ́nà, inú kádàrá ni ó wà. Ẹni tí kò dín in kù náà, inú kádàrá ni ó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣe ohun tí a pa láṣẹ, ìkejì kò ṣe é. Ibi tí ìbéèrè wà nìyẹn.

Ohun kejì ni pé Ọba tí Ó kọ ikú náà ni Ó tún kọ gbèsè rẹ̀. Ẹ wo Sūratu-n-Nisā'i, ẹsẹ̀ 92. Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn ni Ọlọ́hun ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́hun kò sọ fún un pé kí ó máa lọ nítorí pé àṣìṣe ni. Ohun méjì ni Ó gbé lé e lórí. Ìkíní ni owó ẹ̀mí, tí à ń pè ní dìyá, tí a óò kó fún àwọn ẹbí òkú, àfi bí àwọn fúnra wọn bá fi í ṣe sàárà. Ìkejì ni ìtúsílẹ̀ ẹrú kan. Ẹni tí kò bá sì rí ẹrú, kí ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Kò sí ẹrú mọ́ lóde òní, nítorí náà ààwẹ̀ ni ó kù. Ẹsẹ̀ kan náà tún dárúkọ àwọn ènìyàn tí májẹ̀mú wà láàrin àwa àti wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ bí ẹni tí ó kú bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí abọ̀rìṣà. Àdúgbò kan náà ni gbogbo wa ń gbé.

Àwa tí a jókòó ní ilé kéú mọ ìwé Risālah ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, tí àwọn ààfáà wa ń kọ́ ọmọ láti ìran dé ìran. Ìwé náà sọ pé ẹni tí ń da ẹranko láti ẹ̀yìn, ẹni tí ń fà á láti iwájú, àti ẹni tí ó gùn ún, àwọn ni yóò san ohun tí ẹranko náà bá tẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ tí ìwé náà pe ẹni tí ń da ẹranko ni sā'iq. Orúkọ yẹn gan-an ni àwọn Lárúbáwá ń pe awakọ̀ títí di òní. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò kò sí nínú ìwé wa. Bí ẹni tí ó gun ràkúnmí yóò bá san ohun tí ràkúnmí tẹ̀, ràkúnmí tí ó ní ọpọlọ tirẹ̀, mélòómélòó ni ti ẹni tí ó gun irin tí kò lè lọ síbi kankan àfi ibi tí ó bá darí rẹ̀ sí?

Ní ọdún 1993, àjọ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù láti gbogbo àgbáyé ṣe ìpàdé ní orílẹ̀-èdè Brunei, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá ọkọ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n fẹnu kò pé dandan ni nínú ẹ̀sìn kí á tẹ̀lé òfin ojú pópó tí kò bá tako Ṣẹ̀ríà, nítorí pé ààbò ẹ̀mí ni ó wà fún. Wọ́n tún sọ pé awakọ̀ ni yóò ru ẹrù ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́. Ohun tí ó lè yọ ọ́ kúrò ni kí ó jẹ́ pé agbára tí ó ju tirẹ̀ lọ ni ó bò ó mọ́lẹ̀, tàbí pé ẹni tí ó fara gbá náà ni ó fà á, tàbí pé ẹlòmíràn ni ó jẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tí ó sá eré àsápajúdé, tí ó ń tẹ fóònù, tí ó ya ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí kò ti ríran, kò sí nínú ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé, "Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ̀ wà ni." Ẹ jẹ́ kí á dáhùn èyí náà. Nínú hádíìsì tí Abū Dāwūd àti àwọn mìíràn gbà wá, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, fi yé wa pé ẹni tí ó bá ń wo aláìsàn, tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ ìmọ̀ ìṣègùn, òun ni yóò san ohun tí ó bá bàjẹ́. Àìmọ̀ kò gba oníṣègùn yẹn sílẹ̀. Àìmọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó fi ọwọ́ kan ara ènìyàn. Ohun kan náà ni àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ní ọdún 1971, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ó ṣì ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, tí ó fi ọkọ̀ kọlu òpó iná, tí ẹni tí ń kọ́ ọ sì fara pa. Wọ́n ní ìṣọ́ra tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó dúró ní etí títì kò mọ iye ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì awakọ̀ ti pé, irin kan náà ni ó sì ń bọ̀ wá bá a.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí òfin orílẹ̀-èdè wa sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọn kò sọ fún òun. Kì í ṣe àlejò ni ètò ààbò ojú pópó jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà ni Wọlé Ṣóyínká ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988. Òfin sọ pé ẹni tí yóò gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kí ó ti gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, kí ó sì ti yege nínú ìdánwò. Eré tí ó ga jù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàrin ìlú ni kìlómítà 50 ní wákàtí kan; ní títì márosẹ̀, 100 ni. Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ níwàkuwà, kí ó má tilẹ̀ tíì fara kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti dá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà (₦50,000) ni ìwé ìtanràn Àjọ náà kọ sí i lórí.

Bí ènìyàn bá wá kú ńkọ́? Òfin ojú pópó sọ pé ẹni tí ó bá fi ìwàkuwà ọkọ̀ pa ènìyàn lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí ó tó ọdún 7. Bí àìbìkítà rẹ̀ bá pọ̀ dé ibi tí a ti lè pè é ní ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù gba adájọ́ láyè láti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí òkú ń bọ́ nígbà ayé rẹ̀ lè pe awakọ̀ lẹ́jọ́ fún owó ìtanràn, wọ́n sì lè pe ẹni tí ó ni ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ fún ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì, òun náà ti rú òfin. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, dandan ni kí awakọ̀ dúró, kí ó ran ẹni tí ó fara pa lọ́wọ́, kí ó sì fi tó àwọn agbófinró létí. Sísá lọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Ìlú Ọba, tiwọn le ju èyí lọ. Awakọ̀ tuntun tí àmì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá pé 6 láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́ yóò pàdánù láísẹ́ǹsì rẹ̀, yóò sì padà lọ bẹ̀rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n gbére ni ó ga jù tí adájọ́ lè dá fún ẹni tí ó bá fi ìwàkuwà ọkọ̀ pa ènìyàn níbẹ̀.

Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kan nínú ìjọ wa nípa ìwé tí a gbé fún ìyá yẹn, ó ṣàlàyé ohun kan tí ó dùn mí. Ó ní ẹjọ́ ìjọba ni ẹjọ́ ìpànìyàn. Kò sí lọ́wọ́ ẹbí òkú láti pa á rẹ́. Ìyá náà lè dárí ji ọmọkùnrin náà lórí ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìlú tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, tí ó jẹ́ pé nítorí ọmọ ẹlòmíràn lọ́la ni ó ṣe wà, kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti fi tọrẹ. Nítorí náà, ìwé tí mo fi orúkọ Ọlọ́hun gbà lọ́wọ́ opó kan kò tilẹ̀ ní agbára tí mo sọ fún un pé ó ní.

Mo ń sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún gbogbo yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, nítorí pé Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ sì máa bá ẹni tí kò sí ànábì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ìgbà tí mo padà wá wádìí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tó mọ bí ọmọkùnrin náà ṣe rí láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbà. Bàbá rẹ̀ ni ó fún ẹnì kan lówó. Ọmọ náà kò dé ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, kò sì ṣe ìdánwò lójú ẹnikẹ́ni. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ṣẹ́bi lé ẹni tí ń fúnni ní owó ẹ̀yìn àti ẹni tí ń gbà á. A máa ń rò pé nítorí owó tí ó ṣí lọ́wọ́ sí ọwọ́ nìkan ni. Ẹ wo ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Ìwé tí a fi owó ẹ̀yìn gbà, ẹ̀rí èké ni. Ó jẹ́rìí fún ọmọ náà pé ó mọ ohun tí kò mọ̀, ó jẹ́rìí fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ó sì jẹ́rìí fún ọmọbìnrin tí ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí ó gbà pé ẹni tí ń bọ̀ níwájú òun mọ ọkọ̀ wà. Ọjọ́ tí bàbá yẹn san owó náà ni ìjàm̀bá ti bẹ̀rẹ̀.

N kò sọ pé kí òbí má ṣe fẹ́ràn ọmọ. Èmi náà ní ọmọ, mo sì mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ tèmi ni wọ́n tì mọ́lé, ẹsẹ̀ mi kò ní í kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Sūratu-n-Nisā'i kan náà, ní ẹsẹ̀ 135, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á dúró ti déédéé, kí á jẹ́rìí òdodo, ìbáà jẹ́ lé orí ara wa, tàbí òbí wa, tàbí ẹbí tí ó sún mọ́ wa. Nígbà tí obìnrin kan láti ìdílé ńlá jalè ní Mẹ́kà, tí wọ́n rán Usāmah lọ bẹ Ànábì, inú bí Ànábì gidigidi. Ó sọ pé ohun tí ó pa àwọn tí ó ṣáájú rẹ́ ni pé bí ẹni ńlá bá jalè, wọn a fi í sílẹ̀, bí tálákà bá jalè, wọn a fi ìyà jẹ ẹ́. Ó sì búra pé bí ó bá jẹ́ Fátíímà ọmọ òun ni, òun kì bá tí yọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tí à ń lọ bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ ni ó fi ọkọ̀ pa ọmọ olówó, ṣé ààfáà mẹ́rin ni yóò lọ wàásù kádàrá fún olówó náà?

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọmọkùnrin yẹn fún yín. Ó gbà mí láyè láti sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wá bá mi. Ó ti rù. Ó ní òun kì í sùn, pé bí òun bá ti di ojú, ìró ọkọ̀ yẹn ni òun ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo ti sọ fún ìyá yẹn, ó sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó ní, "Ààfáà, ẹ má bínú. Bàbá mi san gbogbo rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí ó ku nǹkan kan fún èmi láti san." Ẹnu mi wọhò. Mo rí i pé ẹni méjì ni a ti gbà ní ẹ̀tọ́ lọ́jọ́ tí a lọ bẹ̀bẹ̀. A gba ìyá náà ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ wá dúró níwájú rẹ̀. A sì gba ọmọkùnrin náà ní ọ̀nà tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún ẹni tí ó ṣèèṣì pa ènìyàn, kí ó lè san gbèsè, kí ó sì padà máa wà láàyè.

Mo sọ òtítọ́ fún un pẹ̀lú ìtìjú. Mo sọ fún un pé bí ẹbí òkú bá tilẹ̀ fi owó ẹ̀mí jì í, ààwẹ̀ oṣù méjì yẹn kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ni. Ó gbà á, ọjọ́ méjì kò sì já sí i láàrin. Lẹ́yìn náà ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé ìyá náà, òun nìkan. N kò bi í léèrè ohun tí wọ́n jọ sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó sì lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Èmi náà lọ. Mo tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sọ fún un pé àṣìlò ni mo lo ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá bá ẹnikẹ́ni nínú wa, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kó bá wa, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ dúró. Ẹ gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ òtítọ́ fún ọlọ́pàá àti fún adájọ́, kí ẹ má sì ṣe wá ẹlẹ́rìí èké. Agbẹjọ́rò kò burú. Ẹ̀tọ́ ni fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láti ní ẹni tí yóò gba ẹnu rẹ̀ sọ òtítọ́. Ẹ san ohun tí ó yẹ fún àwọn ẹbí, bí kọ́ọ̀tù kò tilẹ̀ pa á láṣẹ. Kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ rí wọn bí ara wọn bá ti gbà á, kí ó sì gba ààwẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni ó tó kan ẹ̀bẹ̀ fún àforíjìn. Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹni tí ń dárí jì, Ó sì fi ẹ̀san rẹ̀ sọ́dọ̀ ara Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ni àforíjìn wà. A kì í lọ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ọ̀fọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mo ti sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n fún yín, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀wọ̀n nìkan ni ẹ óò máa bẹ̀rù. Ní ọjọ́ tí Ànábì kúrò ní Àráfà, tí ó gbọ́ ariwo bí àwọn ènìyàn ṣe ń na ràkúnmí kí ó lè sáré, ó fi ọwọ́ rẹ̀ júwe sí wọn pé kí wọ́n fara balẹ̀, ó sì fi yé wọn pé iṣẹ́ rere kò sí nínú eré sísá. Ẹ rántí pé orí iṣẹ́ Háájì ni wọ́n wà o. Bí eré sísá kò bá dára láti Àráfà, ibo ni ẹ ń sáré lọ? Nínú Sūratu-l-Furqān, ìwà àkọ́kọ́ tí Ọlọ́hun fi ṣe àpèjúwe àwọn ẹrú Rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀. Bí ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ wà nínú ìrìn yín.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ jókòó ti awakọ̀, ẹ má rò pé a kò ní bi yín. Ànábì sọ fún wa pé kí á ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ alábòsí tàbí ẹni tí a bòsí sí, ó sì ṣàlàyé pé ìrànlọ́wọ́ fún alábòsí ni kí á dì í mú kúrò níbi àbòsí rẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá sọ pé, "Rọra," bóyá ọmọbìnrin aránṣọ yẹn ì bá ti gba òmìnira iṣẹ́ rẹ̀ kí ọdún náà tó parí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàdúà.

Ìwọ Ọlọ́hun, Ọba tí ẹ̀mí wa wà lọ́wọ́ Rẹ̀, forí jì wá. Forí ji gbogbo ẹni tí ó kú sí ojú pópó, kí O sì fi sùúrù sí ọkàn àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìwọ Ọlọ́hun, ṣọ́ àwọn ọmọ wa nínú ọkọ̀, kí O sì ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn ọmọ wa. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe nínú wa, fún un ní ìgboyà láti jẹ́wọ́, kí O sì gba ìrònúpìwàdà rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí àwa tí a di ọ̀rọ̀ Rẹ mú máa fi í ti ẹ̀yìn ẹni tí ó lágbára. Fún àwọn adájọ́ wa ní òdodo, àti àwọn agbófinró wa ní ọwọ́ tí ó mọ́. Olúwa wa, fún wa ní rere nílé ayé, kí O fún wa ní rere ní ọ̀run, kí O sì là wá níbi ìyà iná.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, Ọlọ́hun ń pàṣẹ déédéé àti ṣíṣe dáadáa. Ẹ rántí Rẹ̀, yóò rántí yín. Ẹ gbé ìrun dúró.